Eyín Ẹ̀gúsí Lẹ́nu Àwẹ̀ró Ọmọ Ìjàpá

Ẹ gbọ́ àlọ́ o!

Àlọ̀!

Kí ló ṣe yín? Ẹ̀yin tí ẹ jẹ ẹ̀bà tó báyẹn, ẹ ń dáhùn bí ẹni tó ń gbààwẹ̀. Mo ní, àlọ́ o!

Àlọ̀, ìyá àgbà!

Ẹ̀hẹ́n, ẹ ti jí. Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó yí gbirigbiri, kò yà sílé ọlọ́rọ̀, kò yà sílé tálákà, ó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé kékeré kan. Ilé náà kò ní fèrèsé, kò sí kọ́kọ́rọ́ tó lè ṣí i, onílé nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń tì í. Fìjàbí, má tíì dáhùn. Ìwọ lo máa ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu àgbà. Jẹ́ kí n débẹ̀ ná.

Mosúnmọ́lá, sún mọ́ mi kí n rí ojú rẹ. Ta ló kùn ọ́ létè pupa báyìí? Mo gbọ́ pé wọ́n fẹ́ mú ọ lọ síbi ìdíje arẹwà ọmọdé lọ́jọ́ Sátidé. Ìyàwó wa ńkọ́, ìyá rẹ? Ó wà lẹ́nu ọ̀nà tó ń ṣa ẹ̀fọ́? Kó gbé ẹ̀fọ́ rẹ̀ wọlé, kí òun náà jókòó. Àlọ́ ò mọ àgbà.

Ní ìgbà láéláé, nígbà tí àwọn ẹranko ṣì ń kọ́lé tí wọ́n ń jọba, igbá ẹ̀yìn ìjàpá kò rí bó ṣe rí lónìí. Igbá náà wà, àmọ́ ara kún inú rẹ̀ dẹ́múdẹ́mú. Kò sí àyè kankan níbẹ̀. Bí òjò bá ń rọ̀, orí ìjàpá á wà níta, òjò á máa pa á. Bí ẹ̀fọn bá ń jẹ ẹ́ lẹ́sẹ̀, kò rí ibi kó ẹsẹ̀ sí. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a máa padà sídìí ẹ̀.

Ìjàpá ọkọ Yánníbo bí ọmọbìnrin kan, Àwẹ̀ró ni wọ́n ń pè é. Ọmọ kékeré ni. Igbá ẹ̀yìn rẹ̀ ò tíì le rárá. Bí o bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, á tẹ̀ wọlé bí èèpo àgbàdo tútù. Òkòtó ni Àwẹ̀ró fẹ́ràn. Láàárọ̀, òun pẹ̀lú àwọn ọmọ Adìyẹ á ti wà létí odò, wọn á máa ta òkòtó lórí àpáta pẹlẹbẹ. Bí òkòtó rẹ̀ bá yí, tó ń yí, tí kò ṣubú, á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀rín tí kò léyín ni, nítorí ẹ̀dá ìjàpá ò léyín. Kò sì sí ẹni tó sọ fún un rí pé nǹkan kan kù nínú ẹ̀rín náà.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, ìkórè iṣu tuntun ń sún mọ́lé. Gbogbo ìlú ti gbin iṣu wọn, Ìjàpá nìkan ni kò fọwọ́ kan ọkọ́. Ó jókòó sábẹ́ igi ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó ń wo ebè olóko, ó ń dá itọ́ mì. Ẹni tí kò gbin iṣu, tó fẹ́ jẹ iyán, ọgbọ́n ló kù tó máa gbìn. Ó ronú, ó ronú, ó dìde, ó gba ààfin lọ.

Erin lọba ìlú. Ìjàpá dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ, ó kí i títí orí Erin fi ń wú. Ó wá ní ìlú wọn dára, àmọ́ nǹkan kan ló kù díẹ̀ káàtó. Ó ní kò sí ẹni tó mọ ọmọ tó rẹwà jù nínú ìlú, ìlú tí kò sì mọ ọmọ tó rẹwà jù, báwo làwọn ará ìta yóò ṣe gbúròó rẹ̀? Ó ní kí Kábíyèsí pe agbo lọ́jọ́ ọdún iṣu, kí gbogbo òbí mú ọmọ wẹ́wẹ̀ wá, kí wọ́n fọ̀ wọ́n, kí wọ́n ṣe wọ́n lọ́ṣọ̀ọ́, kí wọ́n rìn, kí wọ́n jó, kí agbo yan èyí tó bá dára jù. Òbí ọmọ tó bá borí, ilé ìdáná ọba ni kó ti máa jẹ iyán láàárọ̀ lálẹ́ títí òjò ọdún mìíràn yóò fi dé.

Erin fẹ́ràn ọmọdé, kì í sì í tètè rí ẹ̀tàn. Ó ní ọ̀rọ̀ náà dára. Ìjàpá ò tíì dìde.

"Kábíyèsí, ó ku òfin kan. Bí òbí bá mú ọmọ wá ságbo, tí ọmọ náà bá kọ̀ tí kò ṣe é, òbí ni yóò wọ ọ̀ṣọ́ ọmọ rẹ̀, òun ni yóò jó títí oòrùn yóò fi wọ̀. Kò gbọdọ̀ jẹ, kò gbọdọ̀ mu."

Erin bi í pé kí ni òfin tó le tó báyìí wà fún. Ìjàpá ní kí ẹnikẹ́ni má baà mú ọmọ alágídí wá fi ìgbà ọba ṣòfò ni. Irọ́ ló ń pa. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé ẹ̀rù á ba àwọn òbí yòókù, wọn á fi ọmọ wọn sílé, Àwẹ̀ró nìkan ló máa dé agbo. Ẹni tó bá nìkan sáré, ta ló máa gba ipò kejì?

Ẹ̀rù ò bà wọ́n. Ìjàpá gbàgbé pé kò sí òbí tí ọmọ rẹ̀ kì í rẹwà lójú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe gbọ́ iyán ọba, orí wọn dàrú. Òòrẹ̀ ní ẹ̀gún ara ọmọ òun ò jẹ́ kó jọ̀lọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á tu lọ́kọ̀ọ̀kan, ọmọ náà sunkún fún ọjọ́ méjì. Ewúrẹ́ lé tìróò fún ọmọ rẹ̀ títí ojú ọmọ náà ò fi là mọ́. Adìyẹ, tí mo rò pé ó lọ́gbọ́n lórí, so àkísà pupa mọ́ orí òròmọdìẹ rẹ̀ kó lè dà bí ogbe àkùkọ. Inú ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́. Ọmọ tí Ọlọ́run ti fi ìfẹ́ ṣe tán, ni wọ́n wá ń tún ṣe.

Ìjàpá padà délé, ó pe Àwẹ̀ró síta, ó yí i po lẹ́ẹ̀mẹta. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa wo ọmọ rẹ̀ láti rí ohun tó kù. Ó ní ọmọ yìí ò léyín. Ó ní kò ní ìbàdí, òkè dé ìsàlẹ̀ rẹ̀ rí rogodo. Yánníbo ìyàwó rẹ̀ gbọ́, ó ní ọmọdé ni, kó fi í sílẹ̀ kó lọ ṣeré.

Ìjàpá wú ikọ́ bí àgbà. "Yánníbo, àwọn baba wa ló ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Àbí mo parọ́?"

"O ò parọ́. Ìlẹ̀kẹ̀ ni wọ́n ní ká fi sí i. Wọn ò ní ká gé ìdí ọmọ kó lè bá ìlẹ̀kẹ̀ mu."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ìjàpá lára. Àmọ́ ọjọ́ kejì ni wọ́n ránṣẹ́ sí Yánníbo pé ara ìyá rẹ̀ ò yá. Ó di ẹrù, ó fi Àwẹ̀ró lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́, ó ní òun máa padà lọ́jọ́ ọdún. Kò tíì kọjá odò tí Ìjàpá fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ó mú okùn ọ̀gbọ̀, ó fi gba abẹ́ apá ọmọ náà méjèèjì, ó yí i mọ́ igbá ẹ̀yìn rẹ̀ tó rọ̀ láàárín méjì, ó fà á le kí ìbàdí lè yọ, ó sì so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ọn. Láràárọ̀ ló ń fà á le sí i. Ó bó ẹ̀gúsí funfun mẹ́rìndínlógún, ó fi àtè, oje igi tí wọ́n fi ń mú ẹyẹ, lẹ̀ wọ́n mọ́ erìgì Àwẹ̀ró, mẹ́jọ lókè, mẹ́jọ nísàlẹ̀. Ó bọ́ sẹ́yìn, ó wò ó, ó pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀. Ó wá kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ jẹ nǹkankan, eyín á bọ́. Omi inú ewé nìkan ni kó máa fà mu. Ti oúnjẹ ọmọ náà ńkọ́? Ìjàpá ń bá a jẹ ẹ́, ó ní kó má baà ṣòfò ni.

Bí ó bá ti jẹ tán, á ní kí Àwẹ̀ró rìn. Kó gbé ọrùn sọ́tùn-ún, kó gbé e sósì, kó ju ìdí, kó rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà á rìn, á ṣubú, á tún dìde. Ní ọjọ́ kẹta, ó dúró.

"Bàbá, ta ni mò ń rẹ́rìn-ín sí?"

"Agbo ni. Gbogbo agbo."

"Mi ò mọ̀ wọ́n."

Ìjàpá ní kò dìgbà tó bá mọ̀ wọ́n, kó sáà yọ eyín síta. Ẹ̀yin ọmọ, ṣé ẹ rí bí ẹ ṣe ń rẹ́rìn-ín nígbà tí Fìjàbí bá ṣubú? Ta ló ní kí ẹ rín in? Ẹ̀rín gidi kì í gbọ́ àṣẹ. Àwẹ̀ró ò lè rẹ́rìn-ín mọ́. Àwọn ọmọ Adìyẹ ń kọjá lọ sódò, ó ń gbọ́ ohùn òkòtó wọn lórí àpáta, kò sì lè lọ. Orin ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ jẹ́jẹ́. Ẹ bá mi gbè é, "Ó ti tó" ni ègbè rẹ̀.

Bàbá mi so mí lókùn,
Ó ti tó.
Ó lẹ ẹ̀gúsí mọ́ mi lẹ́nu,
Ó ti tó.
Mi ò lè jẹ, mi ò lè ta òkòtó,
Ó ti tó.
Ẹ bá mi sọ fún bàbá mi,
Ó ti tó, ó ti tó.

Ẹ mọ ohun tí Ìjàpá ṣe nígbà tó gbọ́ orin náà? Ó ní ohùn ọmọ yìí dára. Ó ní kó máa kọ ọ́ lágbo pẹ̀lú, kó sáà yí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ padà. Ẹni tí ojúkòkòrò bá ti di etí rẹ̀, orin arò ni yóò máa jó sí.

Ọjọ́ pé. Iyán ń dún nínú odó ní ààfin, oòrùn wà ní àtàrí, gbogbo ẹranko yí agbo ká. Àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá. Ọmọ Òòrẹ̀ jáde, ara rẹ̀ pọ́n yòò, bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i á gbọ̀n. Ọmọ Ewúrẹ́ jáde, kò ríran, ó lọ forí sọ ẹsẹ̀ ọba. Agbo rẹ́rìn-ín, ọmọ náà bú sẹ́kún, ìyá rẹ̀ já a ní èékánná lábẹ́ aṣọ pé kó máa jó. Erin ń wò wọ́n, inú rẹ̀ ò dùn mọ́, àmọ́ ẹnu rẹ̀ ló fi pe agbo.

Ó kan Àwẹ̀ró. Ìjàpá fò jáde, ó kéde ọmọ rẹ̀ bí ẹni ń kéde ọjà, ó ní kí wọ́n wo ìbàdí, kí wọ́n wo ìlẹ̀kẹ̀, ó ní ìjàpá àkọ́kọ́ tó léyín láyé nìyí. Ó wá rọra sọ fún un nídìí etí pé, "Eyín síta." Ọmọ náà lanu.

Ẹ ẹ̀ mọ iṣẹ́ oòrùn. Àtè ti ń yọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti dúró. Ẹ̀gúsí kan yọ̀, ó já bọ́. Èkejì já bọ́. Òròmọdìẹ tó so àkísà pupa mọ́rí, òun pẹ̀lú Àwẹ̀ró ló jọ ń ta òkòtó, ebi sì ń pa òun náà. Kò mọ̀ pé ohun tí òun fẹ́ sọ máa dun ọ̀rẹ́ òun. Ó ní, "Àwẹ̀ró, ẹ̀gúsí lo fi ṣe eyín?" Ó sì sá wọ àárín agbo, òun pẹ̀lú àwọn àbúrò rẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa eyín náà jẹ. Agbo bú sẹ́rìn-ín. Àwọn kan dùbúlẹ̀ rín in.

Àwẹ̀ró wo ọ̀tún, ojú ni. Ó wo òsì, ojú ni. Bàbá rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń tì í síwájú. Ìyá rẹ̀ ò tíì dé. Kò síbi tó máa sá sí. Ó dùn ún wọra, ó fa ọrùn rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀.

Ọrùn náà lọ.

Ẹ rántí ohun tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn. Igbá ẹ̀yìn ìjàpá máa ń kún dẹ́múdẹ́mú. Àmọ́ ọjọ́ márùn-ún ni Àwẹ̀ró ò ti jẹun. Ó ti rù, ara ti fà sẹ́yìn, àyè ti wà nínú igbá. Ebi tí bàbá rẹ̀ fi pa á ló gbálẹ̀ ilé fún un. Orí wọlé. Ọwọ́ ọ̀tún wọlé, tòsì tẹ̀lé e. Okùn tó gba abẹ́ apá rẹ̀ ò rí ohun dì mú mọ́, ó tú, ó já bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ìlẹ̀kẹ̀. Ẹsẹ̀ méjèèjì wọlé. Inú ibẹ̀ ṣókùnkùn, ó tutù, ó dákẹ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ márùn-ún, Àwẹ̀ró mí dáadáa.

Ẹ̀rín agbo dá wáí. Ìjàpá bẹjú wò ó, igbá lásán ló rí. Ó fi ìka lu igbá náà, kó, kó, kó.

"Ta ló ń kanlẹ̀kùn?"

"Bàbá rẹ ni. Jáde kí wọ́n rí ọ."

"Mo wà nílé, Bàbá. Mi ò gbàlejò lónìí."

Ìjàpá bẹ̀ ẹ́, kò jáde. Ó ṣèlérí àkàrà fún un, kò jáde. Ó gbé igbá náà, ó gbọ̀n ọ́n bí ẹni ń gbọn ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ibi tó ti ń gbọ̀n ọ́n ni Yánníbo ti dé láti ilé ìyá rẹ̀. Ẹrù bọ́ lórí rẹ̀. Ó gba ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ Ìjàpá, ó gbé e mọ́ àyà, ó ṣa okùn ilẹ̀, ó rìn tààrà lọ síwájú ọba.

"Kábíyèsí, ẹ wo ibi tí okùn jẹ ọmọ mi dé."

Erin na ọwọ́jà rẹ̀, ó fi ṣóńṣó rẹ̀ kan igbá tó rọ̀ náà jẹ́jẹ́. Ojú okùn wà níbẹ̀, ó jìn. Ó ní ọba lòun, kò sí ilé tí òun ò lè wọ̀ nínú ìlú yìí, ṣùgbọ́n òun ò lè wọ ilé ọmọ kékeré yìí àyàfi tó bá gbà fún òun. Ó ní bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ó wá yíjú sí Ìjàpá, ó bi í pé ẹnu ta ni òfin ọjọ́sí ti jáde.

Orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ Ìjàpá. Ẹsẹ̀ ń dùn ún. Ó ní òun fẹ́ lọ tọ̀. Wọn ò jẹ́ kó lọ. Ewúrẹ́ lé ìyókù tìróò fún un. Adìyẹ tú àkísà pupa kúrò lórí ọmọ rẹ̀, ó so ó mọ́ orí pípá Ìjàpá. Ìlẹ̀kẹ̀ ọmọdé ò gba ìdí rẹ̀, wọ́n bá fi há a lọ́rùn. Wọ́n ní kó máa jó, kó gbé ọrùn sọ́tùn-ún, kó gbé e sósì, kó ju ìdí. Òòrẹ̀ kékeré tí ara ń ta ni ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ló bá di ẹ̀rín gbogbo ọmọdé. Ìjàpá fi orin bẹ̀bẹ̀. Ẹ gbè é, àmọ́ ègbè ti yí padà o.

Ẹsẹ̀ ń dùn mí, ẹ̀yin ọmọ,
Kò tíì tó.
Ìlẹ̀kẹ̀ há mi lọ́rùn,
Kò tíì tó.
Ebi ń pa mí, mo gbóòórùn iyán,
Kò tíì tó.
Ẹ bá mi bẹ Àwẹ̀ró,
Kò tíì tó, kò tíì tó.

Nínú igbá lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, Àwẹ̀ró gbọ́ ẹ̀rín. Ó yọ imú síta. Kò sí ẹni tó ń wò ó. Bàbá rẹ̀ ni gbogbo wọ́n ń wò. Ó yọ orí, ó yọ ọwọ́. Nígbà tó rí àkísà lórí Ìjàpá, ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò léyín, títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Yánníbo gbá a mọ́ra, òun náà ń sunkún, ayọ̀ ni.

Erin ní kí wọ́n gbé iyán ẹni tó borí wá. Odindi ọpọ́n ni. Kò gbé e fún òbí kankan, etí odò ló ní kí wọ́n gbé e lọ fún àwọn ọmọdé. Ó sì ṣe òfin níbẹ̀ pé láti ọjọ́ náà lọ, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tún gbé ọmọ dúró ságbo kí wọ́n máa wọn ẹwà rẹ̀ wò. Ọmọ tó bá wù láti jó, kó jó. Òbí tó bá fẹ́ kí agbo wo òun, kó so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ìdí ara rẹ̀. Àwẹ̀ró jẹ òkèlè mẹ́rin, ó fọwọ́ nu ẹnu, ó gba òkòtó rẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ Adìyẹ. Òun ló ta á tó pẹ́ jù lọ́jọ́ náà. Ìjàpá ṣì ń jó.

Nígbà tí oòrùn wọ̀, ara Ìjàpá náà ti rù. Ojú tì í, ó wá ibi tó máa fi orí pamọ́ sí, orí náà wọlé. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé títí dòní, ọmọ ìjàpá tàbí bàbá ìjàpá, bí o bá ti dojú kọ ọ́, á fa orí wọlé, á tilẹ̀kùn. Ti bàbá, ìtìjú ni. Ti ọmọ, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Bí o bá rí èyí tó kéré lọ́nà oko, má kan igbá rẹ̀, má gbọ̀n ọ́n. Tó bá wù ú, yóò yọjú sí ọ. Tí kò bá wù ú, máa lọ sílé rẹ.

Ibẹ̀ ni mo bá àlọ́, ibẹ̀ ni mo fi í sí. Bí mo bá parọ́, kí eyín ẹnu mi di ẹ̀gúsí, kí àwọn òròmọdìẹ ilé yìí wá ṣà á jẹ.

Fìjàbí, o lè dáhùn báyìí. Ilé wo ni? Ẹ̀hẹ́n. Ìyàwó wa, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà, àlọ́ ni mo pa. Omi wà nínú garawa, aṣọ ìnujú wà lórí okùn. Mosúnmọ́lá, bí ìyá rẹ bá ti nu ètè rẹ tán, lọ mú òkòtó rẹ wá.